Ìràwọ̀ Márùn-ún Láti Ọwọ́ Àwọn Ìyá Dèbórà

Bí ẹ bá dé Blanchardstown ní Dublin tí ẹ béèrè ilé Mọ́mì Tijé, bí ọmọ Yorùbá ni ẹni tí ẹ bi, á kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín kó tó júwe rẹ̀ fún yín. Adéjùmọ̀kẹ́ ni wọ́n sọ ọ́ lọ́jọ́ ìkómọ, ṣùgbọ́n láti ọjọ́ tó ti bí Tijésùnimí, orúkọ ọmọ ti gbé orúkọ ìyá mì pátápátá. Ó ti lé ní ogún ọdún tó ti ń gbé Dublin. Nílé, ní Ìkirè, olùkọ́ ni. Ọdún mẹ́sàn-án gbáko ló fi kọ́ àwọn ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, báírò pupa rẹ̀ kò sì mọ ọmọ olówó yàtọ̀ sí ọmọ tálákà. Níbí, ilé ìtọ́jú àwọn arúgbó ló ti ń ṣiṣẹ́. Ó ń wẹ̀ fún wọn, ó ń fún wọn lóúnjẹ, ó sì ń bá wọn jà bí wọn ò bá fẹ́ lo oògùn. Ìyá kan wà níbẹ̀ tó ti lé ní àádọ́rùn-ún ọdún, tó máa ń sọ pé òun ò lè kú lọ́jọ́ tí Jùmọ̀kẹ́ bá wà lẹ́nu iṣẹ́, torí pé kò ní gbà fún òun.

Ẹ̀bùn kan wà lára obìnrin yìí: ó mọ èèyàn kó jọ. Nígbà tí Sister Priscilla fi àwòrán ọmọ ọwọ́ rẹ̀ sínú ìdíje ọmọ tó rẹwà jù lọ, Adéjùmọ̀kẹ́ ló fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ sí Àwọn Ìyá Dèbórà, ìyẹn ẹgbẹ́ obìnrin ìjọ wọn, pé kí gbogbo wọn dìbò. Ọmọ náà ló gbé ipò kìíní. Ká sọ tòótọ́, lásìkò yẹn, orí ọmọ náà ṣì ń wá bí yóò ṣe rí, ṣùgbọ́n ta ló bèèrè? Ọmọ wa ni. Ọmọ ẹni kì í ṣèdí bẹ̀bẹ̀rẹ̀ ká fi ìlẹ̀kẹ̀ sídìí ọmọ ẹlòmíràn.

Ẹ wá wo irú ẹni bẹ́ẹ̀, kí ọmọ tirẹ̀ gan-an lọ kọ ìwé.

Tijésùnimí, ọmọbìnrin rẹ̀, ti pé ọmọ ọdún méjìdínlọ́gbọ̀n. Iṣẹ́ kọ̀ǹpútà ló ń ṣe, ó sì háyà yàrá kan ní Phibsborough. Lọ́jọ́ Àjíǹde ló gbé ìwé náà wá sílé, tó fi bébà wé e bí ẹ̀bùn ọjọ́ ìbí. *Ilé Ìfọṣọ Etí Òkun* ni ká pe orúkọ rẹ̀ ní èdè wa. Wọ́n ya obìnrin méjì sára èèpo ẹ̀yìn rẹ̀, wọ́n di etí aṣọ ibùsùn kan mú, wọ́n ń fún un, dírágónì kékeré kan sì jókòó lórí okùn ìsáṣọ lẹ́yìn wọn. Adéjùmọ̀kẹ́ jó yípo pálọ̀. Ó gbàdúrà lé ìwé náà lórí, ó ta òróró sí i, àmì òróró ọ̀hún ṣì wà níbẹ̀ dòní. Lẹ́yìn náà, ó gbé e sínú kọ́bọ́ọ̀dù onígíláàsì, lẹ́gbẹ̀ẹ́ fọ́tò ìgbà tí Tijé gboyè jáde. Kò kà á o. Ìwé tí èèyàn ti ta òróró sí, tó ti tì mọ́ inú gíláàsì, ta ló tún máa yọ ọ́ jáde kà? Àwòrán tó wà lára rẹ̀ ló wò, ó sì ń sọ fún gbogbo ayé pé ọmọ òun kọ ìwé nípa ọ̀rẹ́ méjì tó ń ṣòwò ìfọṣọ.

Wàhálà bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́rú kan lásìkò ìsinmi níbi iṣẹ́. Mọ́nsúrátù, ọmọge nọ́ọ̀sì kan tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́, ló fi fóònù rẹ̀ hàn án. "Àǹtí, ẹ wò ó, àwọn èèyàn ti ń sọ̀rọ̀ lórí ìwé Tijé." Ìkànnì kan ni, tí àwọn òǹkàwé ti máa ń fún ìwé ní ìràwọ̀: márùn-ún fún ìwé tó dùn, ọ̀kan fún èyí tó bí wọn nínú. Ẹnì kan ní òun ti kà á lẹ́ẹ̀mẹta, òun sì fẹ́ kó lọ máa gbé ìlú inú rẹ̀. Ẹlòmíì ní ìwé náà tu òun lára bí omi gbígbóná lẹ́yìn iṣẹ́. Ẹ̀kẹta ní dírágónì rẹ̀ ti kéré jù. Ẹ̀kẹrin wá kọ ọ́ báyìí pé: "Ọ̀ọ́dúnrún ojú ewé, aṣọ ni wọ́n ń fọ̀. Ohunkóhun ò ṣẹlẹ̀. Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo sùn." Ìràwọ̀ kan ṣoṣo ló fún un.

Adéjùmọ̀kẹ́ yọ awò ojú rẹ̀. Ó nù ún. Ó tún wò ó. Ìràwọ̀ kan náà ni.

"Ta ni ìyá ẹni yìí?" ló bèèrè.

Ká ní ó fara balẹ̀ ka ìyókù ni, ì bá rí i pé púpọ̀ nínú àwọn òǹkàwé yẹn ló ń sọ irú ìfẹ́ tó wà láàárín obìnrin méjèèjì inú ìwé náà. Ṣùgbọ́n inú tó ń bí i kò jẹ́ kó rí ju ìràwọ̀ kan yẹn lọ. Kó tó padà sẹ́nu iṣẹ́, ó ti kọ̀wé sí Àwọn Ìyá Dèbórà lórí WhatsApp: "Ẹ̀yin ìyá mi, ẹ kú ìsimi. Àwọn kan dìde sí ògo ọmọ wa. Ẹ jọ̀ọ́, five star ni o, kí ẹ sì kọ ọ̀rọ̀ rere sí i. Bẹ́ẹ̀ náà la ó ṣe bá yín yọ̀."

Àwọn ìyá mọ́kànlélógójì ló wà nínú ẹgbẹ́ náà. Nígbà tó fi máa di ọjọ́ Ẹtì, méjìdínlógójì ti kọ tiwọn. Ẹ gbọ́ ohun tí wọ́n kọ: "Ìwé yìí gbé ẹ̀mí mi ró. Ó dára fún gbogbo ìdílé Kristẹni." "Ìwé náà tètè dé, kò ya rárá." "Mo mọ ọmọ náà láti kékeré, ó máa ń kí èèyàn." Màmá Olúfúnmilọ́lá, tó jẹ́ ìyá ẹgbẹ́, kọ ọ́ pé òǹkọ̀wé náà tètè mọ bí wọ́n ṣe ń tọ̀ sínú póò. Kò sí ẹyọ ẹnì kan nínú wọn tó ti ṣí ìwé náà wò.

Ohun tó ń bẹ lẹ́yìn ẹ̀fà ju èje lọ. Ní àárọ̀ Sátidé, àwọn tó ni ìkànnì náà pa gbogbo ọ̀rọ̀ méjèèjìdínlógójì rẹ́, wọ́n sì lẹ ìkìlọ̀ mọ́ ìwé náà pé ẹnì kan ti kó èrò wá. Àwọn òǹkàwé bá bẹ̀rẹ̀ sí í fi àwọn ìyá náà ṣe yẹ̀yẹ́. Ẹnì kan ní òun fẹ́ kí wọ́n kọ ìwé nípa àwọn ìyá ìjọ Blanchardstown dípò èyí. Kò pẹ́ tí fóònù Adéjùmọ̀kẹ́ fi dún.

"Mummy, was that you?"

"Èmi kẹ̀? Kí ni mo ṣe?"

"Thirty-eight women, in two days! Ọ̀kan nínú wọn said I was toilet-trained early."

"Màmá Olúfúnmilọ́lá nìyẹn. Òótọ́ ni wọ́n sọ."

Tijé ò rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Mummy, have you read it?"

"Ṣé ó yẹ kó o bi mí? Ọmọ mi kọ ìwé, kí n má kà á?"

"Which part did you like?"

Ẹni tó ti ṣe olùkọ́ fún ọdún mẹ́sàn-án mọ ìbéèrè yìí dáadáa. Òun náà ló máa ń fi í mú ọmọ tí kò kàwé. Ṣùgbọ́n nígbà tí pàkúté bá ti ká èèyàn mọ́, ìmọ̀ kì í fi bẹ́ẹ̀ wúlò mọ́. "Apá ìparí ni," ó ní. "Ibi tí wọ́n ti ṣẹ́gun ọ̀tá wọn."

Tijé sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́. "There's no enemy in it, Mummy. It's grand. Ẹ má worry." Ó sì gé fóònù. Bí ọmọ tó dàgbà ní Dublin bá ti sọ fún ìyá rẹ̀ pé "it's grand" láì fi ẹ̀rín sí i, ó ti ti ilẹ̀kùn nìyẹn. Adéjùmọ̀kẹ́ mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ojú tì í, ọkàn rẹ̀ sì bàjẹ́, nítorí pé òun àti ọmọ rẹ̀ kì í parọ́ fún ara wọn, tàbí bẹ́ẹ̀ ló ṣe rò.

Ọjọ́ kejì ni ìpàdé Àwọn Ìyá Dèbórà, lẹ́yìn ìsìn, nínú gbọ̀ngàn tí ìjọ wọn háyà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé àwọn vọ́kànáísà. Sister Bímpé, akọ̀wé ẹgbẹ́, dìde pẹ̀lú ìwé náà lọ́wọ́. Gbogbo ojú yí sí i.

"Ẹ̀yin ìyá mi," Bímpé ní, "mo ti jẹ́rìí sí ìwé yìí kí n tó kà á. Ọkàn mi ò balẹ̀. Mo bá rà á, mo ní kí n kà á kí ẹ̀rí mi lè di òótọ́ lẹ́yìn. Mo ń kà á nínú bọ́ọ̀sì, mo ń kà á lásìkò oúnjẹ ọ̀sán. Ó ń dùn. Obìnrin kan wà níbẹ̀ tó ń jẹ́ Orla, ilé ìfọṣọ ni tiẹ̀. Èkejì ń jẹ́ Maren, òun ló wá yẹ ìwé àṣẹ dírágónì wò. Òjò wá ká a mọ́ ibẹ̀ fún ọjọ́ mẹ́sàn-án. Mo dé ojú ewé igba ó lé mọ́kànlá…" Ó fi ìka sí ojú ewé náà. "Wọ́n fẹnu ko ara wọn lẹ́nu, ma. Ìfẹ́ ni. Irú èyí tó wà láàárín tọkọtaya."

Ẹnì kan lẹ́yìn wá bèèrè pé, "Kí ló wá ṣẹlẹ̀?"

"Òjò dá."

"Ó dá?"

"Bímpé, jókòó," ni Màmá Olúfúnmilọ́lá wí.

Bímpé ò jókòó. Ariwo ta. Ìyá kan ní ti ìfẹnukonu kọ́ ló ba òun lẹ́rù, ti dírágónì ni, torí pé ó wà nínú Ìfihàn orí kejìlá. Bímpé ní, "Ti inú èyí kéré, ma. Ìbọ̀sẹ̀ ló ń bá wọn gbẹ." Olúfọlákẹ́, tó ń ṣe nọ́ọ̀sì, fẹ́ mọ ẹni tó jẹ́ ọ̀tá wọn nínú ìwé náà.

"Kò sí ọ̀tá nínú ẹ̀!" Adéjùmọ̀kẹ́ já lu ọ̀rọ̀. Ohun kan ṣoṣo tó mọ̀ nípa ìwé náà nìyẹn.

"Kò sí ọ̀tá?" Olúfọlákẹ́ yanu. "Kí ni wọ́n wá ń gbàdúrà lòdì sí?"

Àwọn kan ní kí wọ́n gbààwẹ̀. Àwọn kan ń béèrè lọ́wọ́ Bímpé, wọ́n rọra ń béèrè o, bóyá ó lè yá wọn ní ìwé náà, kí wọ́n lè mọ ohun tí wọ́n fẹ́ gbààwẹ̀ sí. Ìgbà náà ni Màmá Olúfúnmilọ́lá lu tábìlì. Ó kọjú sí Adéjùmọ̀kẹ́.

"Mọ́mì Tijé, nígbà tí ẹ ní ká kọ orúkọ wa sí ìwé yìí, ṣé ẹ mọ ohun tó wà nínú rẹ̀?"

Ẹ bá mi wo ìbéèrè yẹn. Bó bá ní òun mọ̀, ó ti mọ̀ọ́mọ̀ ti gbogbo ẹgbẹ́ sẹ́yìn ohun tí pásítọ̀ ń wàásù lòdì sí. Bó bá ní òun ò mọ̀, ó ti kó ìyá méjìdínlógójì jẹ́rìí èké. Irọ́ kan wà lẹ́nu rẹ̀ tó ti ṣe tán láti jáde. Àmọ́ ó rántí bí Tijé ṣe sọ pé "it's grand", ó sì pa irọ́ náà tì.

"N kò kà á, ma," ó ní. "Inú kọ́bọ́ọ̀dù ló wà."

Ká sòótọ́, ọ̀rọ̀ yìí dùn wọ́n ju ti ìfẹnukonu lọ. Ìyá méjì káwọ́ lérí. Bímpé tó kọ̀ láti jókòó tẹ́lẹ̀ rọra jókòó, ó sì fi ohùn pẹ̀lẹ́ sọ pé, "Mọ́mì, èmi tí mi ò bí i ti kà á tán." Adéjùmọ̀kẹ́ gbé báàgì rẹ̀, ó jáde. Wọ́n ní nígbà tí ìpàdé parí, Bímpé wá ìwé rẹ̀ títí, kò rí i mọ́. Ẹnì kan ti gbé e lọ.

Ní ọjọ́ Ajé, Adéjùmọ̀kẹ́ gba ìsinmi níbi iṣẹ́. Ó ṣí kọ́bọ́ọ̀dù, ó gbé ìwé sórí tábìlì ìjẹun, ó sì wá báírò pupa kan, torí pé kò mọ bí wọ́n ṣe ń kàwé láìsí i. Ọkọ rẹ̀, Ọládélé, tó ń wa takisí, ń mu tíì lọ́wọ́. "Tó o bá dé ibi tí dírágónì ti sín, sọ fún mi," ló wí.

Adéjùmọ̀kẹ́ gbójú sókè. "O ti kà á?"

"Ẹ̀ẹ̀mejì. Níbi tí mo ti ń tò fún èrò ní ẹ́papọ́ọ̀tù."

"O ò sì sọ fún mi ohun tó wà níbẹ̀!"

"O ò bi mí," Ọládélé ní, ó mú kọ́kọ́rọ́ mọ́tò rẹ̀, ó tètè bá tirẹ̀ lọ.

Ó bẹ̀rẹ̀ sí í kà. Ní ojú ewé kẹsàn-án, Orla ń fi omi òkun fọṣọ, ọṣẹ sì ń hó yàà. Adéjùmọ̀kẹ́ fa igi pupa sí i, ó kọ ọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ pé: "Ọṣẹ kì í hó nínú omi iyọ̀." Nígbà tí dírágónì sín, tí iná jó ìdí ṣòkòtò olórí ìlú, ó rẹ́rìn-ín títí omijé fi bọ́ lójú rẹ̀. Ó dé ojú ewé igba ó lé mọ́kànlá. Ó kà á. Ó pa ìwé dé, ó wọ kóòtù, ó rìn yípo ilé ìtajà ńlá ẹ̀ẹ̀mejì, àlùbọ́sà nìkan ló rà bọ̀. Inú bí i, ẹ̀rù bà á, kò sì mọ èwo ló pọ̀ jù. Ṣùgbọ́n nígbà tó padà délé, ó tún ṣí ìwé náà, nítorí ó fẹ́ mọ̀ bóyá Maren á lọ tí òjò bá dá. Maren ò lọ. Orla ṣẹ́ aṣọ ibùsùn rẹ̀ láti igun dé igun, ó fi àgbọ̀n di àárín rẹ̀ mú. Bí Adéjùmọ̀kẹ́ ṣe ń ṣẹ́ aṣọ gan-an nìyẹn, bó sì ṣe kọ́ Tijé nígbà tó wà lọ́mọ ọdún méje.

Láti ìgbà náà ló ti ń ka ìwé náà bí ẹni tó ń wá nǹkan tó sọnù. Maren ní ìyá tó ń kọ lẹ́tà sí i. Olórí ìlú ní ìyá tó ń bá a wí. Dírágónì pàápàá, ìyá rẹ̀ fò wá kí i ní orí kẹrìnlá. Orla nìkan ni kò ní ìyá. Ìwé náà ò sọ pé ìyá rẹ̀ kú, kò sọ pé ó rìnrìn àjò. Kò kàn sí níbẹ̀ rárá.

Ọjọ́rú, ó wọ bọ́ọ̀sì lọ sí Phibsborough lọ́sàn-án. Tijé ṣílẹ̀kùn, ó rí ìyá rẹ̀, ó rí ìwé tí báírò pupa ti ba gbogbo ara rẹ̀ jẹ́. Ó kúnlẹ̀ díẹ̀ kí i, ó gba ìwé náà, ó sì ṣí ojú ewé àkọ́kọ́. Ìràwọ̀ mẹ́ta ni ìyá rẹ̀ yà síbẹ̀.

"Three?" Ẹ̀rín bọ́ lẹ́nu Tijé láìrò tẹ́lẹ̀. "Mummy! You told forty women to give it five!"

"Àwọn yẹn ò kà á. Èmi kà á." Adéjùmọ̀kẹ́ jókòó láì bọ́ kóòtù. "Mo parọ́ fún ẹ lórí fóònù. Má bínú."

Tijé jókòó tì í. Ó ń ṣí ojú ewé lọ́kọ̀ọ̀kan. "Where did I lose the two?"

"Ọ̀kan, ti ọṣẹ. Èkejì, ti ìyá Orla. Ìyá ọmọ yẹn dà?"

"She doesn't have one. It's only a story, Mummy."

"Dírágónì ní ìyá."

Tijé pa ìwé dé. "I tried. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo kọ ọ́ síbẹ̀. Every time she was about to talk, mo máa ń pa á rẹ́. Mi ò mọ what she'd say."

"Ṣé ìwọ ni Orla?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, Mummy."

Gbogbo ọ̀rọ̀ tí Adéjùmọ̀kẹ́ fẹnu ara rẹ̀ sọ nípa irú àwọn èèyàn bẹ́ẹ̀ nídìí tábìlì ìjẹun láti ọjọ́ yìí wá, ó ń rántí wọn ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, ó sì ń rántí pé Tijé wà níbẹ̀ nígbà kọ̀ọ̀kan, tó ń jẹun, tí kò wí nǹkan kan. Kò mọ ohun tó máa sọ fún pásítọ̀, kò tilẹ̀ mọ ohun tó máa sọ fún Ọlọ́run. Ó mú báírò pupa jáde nínú báàgì rẹ̀, ó nà án sí ọmọ rẹ̀.

"Kọ ìyá rẹ̀ padà síbẹ̀," ó ní. "Jẹ́ kó kọ́kọ́ sọ ìsọkúsọ. Ó máa sọ ọ́, mo mọ̀ ọ́n. Ṣùgbọ́n má pa á rẹ́ kó tó sọ̀rọ̀ tán."